Ohun Tó Wà Lẹ́yìn 212

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka kò dọ́gba. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí a bá gba ìwé ìdánwò ogójì ọmọ, tí a sì ro máàkì wọn pọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjì tó wà lókè pátápátá ṣe déédéé. Ìdí nìyí tí ìdíje kan tí ó wáyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999 fi wọ̀ mí lọ́kàn, tí mo sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì mi.

Inú ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti ọ̀hún ni mo ti kọ́kọ́ kà á. Ìdíje ọkọ̀ eré ni, irú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní òrùlé, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ síta gbangba, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń jókòó sínú rẹ̀. CART ni orúkọ àjọ tí ó ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà náà. Eré 20 ni wọ́n sá ní ọdún yẹn. Ẹni tí ó bá gbé ipò kìíní nínú eré kan ń gba máàkì 20, ẹnì kejì 16, ẹnì kẹta 14, ẹnì kẹrin 12, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sílẹ̀ títí dé orí ẹnì kejìlá tí ó ń gba ẹyọ kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ ní ìparí ọdún ni ó ni ife ẹ̀yẹ.

Awakọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà kù sí lọ́wọ́. Dario Franchitti, ọmọ Scotland, jẹ́ ẹni ọdún 26. Juan Pablo Montoya, ọmọ Kòlóńbíà, jẹ́ ẹni ọdún 24, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn nínú ìdíje náà. Nígbà tí ó ku eré kan ṣoṣo, Franchitti ní 209, Montoya ní 200. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, wọ́n sá eré àṣekágbá ní Fontana, ní ìpínlẹ̀ California, 500 máìlì gbáko. Montoya gbé ipò kẹrin, ó gba 12. Franchitti gbé ipò kẹwàá, ó gba 3. Ẹ bá mi rò ó: 212 níhìn-ín, 212 lọ́hùn-ún. Ìka dọ́gba!

Ṣùgbọ́n òfin ti wà nílẹ̀ kí àríyànjiyàn tó dé. Bí máàkì bá dọ́gba, ẹni tí ó gbé ipò kìíní jù ni yóò gba ife. Ẹ̀ẹ̀méje ni Montoya ti borí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Franchitti. Ife bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Kòlóńbíà.

Ní ọdún 2015, ẹ̀kọ́ mi tún dùn sí i. Montoya yìí kan náà àti Scott Dixon, ọmọ New Zealand, jọ parí ìdíje IndyCar pẹ̀lú máàkì 556. Dixon ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Montoya ní ẹ̀ẹ̀méjì. Irú òfin tí ó gbé ife fún un ní ọdún 1999 ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibẹ̀, àwọn ọmọ náà a sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kan, mo ti mẹ́nu bà á bí ẹni ń sáré kọjá pé awakọ̀ kan kú nínú eré Fontana. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tí ó kú ńkọ́? Máàkì mélòó ni òun ní?"

N kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ó di ọ̀la.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá a. Greg Moore ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kánádà, ẹni ọdún 24 bíi Montoya, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Franchitti. Òun ni ó borí nínú eré àkọ́kọ́ ọdún náà. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú eré àṣekágbá, ọkọ̀ kan kọlù ú lórí alùpùpù kékeré, ó fi ọwọ́ ṣèṣe. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbà á láàyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn pátápátá. Eré kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ rẹ̀ fi yà kúrò lọ́nà, tí ó gba orí koríko kọjá, tí ó sì lọ forí sọ ògiri. Franchitti sá 500 máìlì náà tán kí ó tó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ti lọ. Adrian Fernandez, ọmọ Mẹ́síkò, ni ó gbé ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò sí ayẹyẹ kankan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Gonzalo Rodríguez, ọmọ Uruguay, ti kú ní Laguna Seca. Mo yẹ ọdún 2015 wò pẹ̀lú: Justin Wilson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú eré àṣekágbá tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Máàkì Moore jẹ́ 97. Ipò kẹwàá ni ó wà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tí ọmọbìnrin yẹn ń jókòó tì. Ní sáà tí ó ṣáájú, àìsàn mú ọmọkùnrin kan lọ nínú kíláàsì wa. Nítorí pé kò ṣe ìdánwò àṣekágbá, èmi fúnra mi ni mo fi rúlà fa ìlà pupa la orúkọ rẹ̀ já nínú ìwé máàkì.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sójú pátákó: 212, 212, 97. Ọmọbìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí a jáde, mo ro gbogbo máàkì iṣẹ́ kíláàsì ọmọkùnrin náà pọ̀, mo kọ ọ́ sínú káàdì, mo sì gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ nílé. Ó jẹ́ 31 nínú 40. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú káàdì náà títí, bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n n kì í parí rẹ̀ sí 212 mọ́.