Ilẹ̀ Tí Kò Tẹ́jú

Awakọ̀ ni bàbá mi. Láti Ìjerò ló ti máa ń kó èrò gba Àrámọkọ lọ sí Ẹfọ̀n. Nígbà tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù fún mi, mo pinnu láti kọ ètò tí yóò ya bí ọ̀nà yẹn ṣe ń gòkè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà fi ọjọ́ 11 wọn gíga ilẹ̀ láti òfurufú. Ọ̀fẹ́ ni àkọsílẹ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ìlà 3,601, nọ́ńbà 3,601 ló sì wà nínú ìlà kan. Ẹfọ̀n wà nínú fáìlì kan, Àrámọkọ àti Ìjerò wà nínú èkejì. Méjèèjì ni mo nílò: nǹkan bíi mílíọ̀nù 26 nọ́ńbà.

Mo kó gbogbo wọn sínú list kan ní èdè Python. Kọ̀ǹpútà ń fà, ó ń fà, ó wá kọ ọ́ sójú pé: MemoryError. Ààyè ti tán. Gìgábáìtì 1 péré ni mẹ́mọ́rì rẹ̀.

Lálẹ́, mo bẹ bàbá mi pé kí wọ́n bá mi ra mẹ́mọ́rì kún un. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Owó táyà ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó dá ọ lójú pé ohun tó fà á nìyẹn?"

N kò lè dáhùn. Mo ti rí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Ó ti jẹ, ó ń dán. Mo sì mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹfọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ wa bi mí pé: "Báìtì mélòó ni nọ́ńbà kan ń gbà?" Mo mú bírò. Nínú fáìlì, báìtì 2 ni. Ṣùgbọ́n nínú list, Python ń pèsè ààyè ọ̀tọ̀ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó bá ju 256 lọ, ó sì máa ń lé ní báìtì 30. Òkè pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà náà ló ju 256 lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ sún mọ́ mẹ́gábáìtì 800. Àṣé ẹyọ ẹ̀wà kan, àpò kan ni mo ń ṣe!

Mo fi array olóníbáìtì méjì rọ́pò list. Gbogbo rẹ̀ di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 52. Ètò náà ṣiṣẹ́.

Bàbá mi wo àwòrán náà títí, wọ́n fi ìka kan ibi tí ìlà ti já wálẹ̀. "Ibí ni mo ti máa ń rọ jíà sílẹ̀."

Táyà tuntun ni wọ́n fi sọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò mọ ijó jó, a ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ó kù díẹ̀ kí àìṣírò mi ná owó táyà yẹn.