Ọjọ́ Bọ́ọ̀lù ní Salvador

Kí ọmọ Yorùbá tó rìnrìn-àjò lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Fonte Nova tó rí agbábọ́ọ̀lù kankan, àwọn òrìṣà ni yóò kọ́kọ́ rí. Adágún kan tí wọ́n ń pè ní Dique do Tororó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà, nílùú Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Lórí omi yẹn ni ère Ọbàtálá, Ṣàngó, Ògún, Ọ̀ṣun, Yemọja àti àwọn mìíràn dúró sí, wọ́n ga fíofío. Oníṣẹ́ ọnà kan, Tatti Moreno, ló ṣe wọ́n, ọdún 1998 ni wọ́n sì gbé wọn síbẹ̀. Pápá náà ò yípo tán: apá tó kọjú sí adágún ṣí sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè máa wo omi láti orí ìjókòó rẹ̀.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bahia ló ń lo pápá yìí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1931 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Búlúù, pupa àti funfun ni àwọ̀ wọn. Bí ọjọ́ ìdíje bá pé, àwọ̀ mẹ́ta yìí á gba ojú títì kan. Bàbá á gbé ọmọ kọ́ èjìká, ìyá àgbà á wọ jẹ́sì tó ti ṣá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Bamor, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, á gbé ìlù ńlá wọn jáde. “Bora, Bahêa!”, ìyẹn “Ó yá, Bahia!”, ni wọ́n ń ké síra wọn. Ẹni tí kò mọni rí á ké e síni, á sì dúró gbọ́ èsì. Àlejò tó bá ti dáhùn ti di ará ilé nìyẹn.

Òórùn epo pupa ló máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn alákàrà. Aṣọ funfun gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Obìnrin náà á fi ṣíbí onígi po ẹ̀wà lílọ̀ nínú abọ́ ńlá títí yóò fi fúyẹ́, á bù ú, á rọra dà á sínú epo tó ń hó. Bó bá pọ́n, á là á láàárín, á ki vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi edé, àgbọn àti epo pupa sè. Á wá kó edé gbígbẹ lé e lórí, á sì béèrè bóyá oníbàárà ń jẹ ata. Ẹni tó bá dàgbà sí Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé kankan lórí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin yìí ò dúró síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Bràsíl ń múra sílẹ̀ de ìdíje Confederations Cup ti 2013 àti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2014, òfin FIFA fẹ́ lé àwọn oníṣòwò kéékèèké jìnnà sí pápá. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2005 ni iṣẹ́ àwọn alákàrà ti wà nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kà sí ogún ìbílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà fárígá. Wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, wọ́n sì pariwo títí ayé fi gbọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fàyè gba mẹ́fà nínú wọn láti tajà nínú ọgbà pápá náà. Mẹ́fà ò pọ̀, àmọ́ ìlú náà ti fi hàn pé òun ò ní fi ara òun sílẹ̀ lẹ́nu géètì torí bọ́ọ̀lù.

Ìfẹ́ tí ìlú náà ní sí ẹgbẹ́ Bahia ti pẹ́. Bahia ló gba ife Taça Brasil ti ọdún 1959 mọ́ Santos, ẹgbẹ́ Pelé, lọ́wọ́. Òun náà ni ẹgbẹ́ Bràsíl àkọ́kọ́ tó kópa nínú Copa Libertadores, lọ́dún 1960. Ó tún gba ife ìdíje orílẹ̀-èdè náà ti 1988.

Ìfẹ́ náà ti ná wọn ní ẹ̀mí pẹ̀lú. Ní November 25, ọdún 2007, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti já wálẹ̀ dé ìpele kẹta, nǹkan bí 60,000 èèyàn ṣì kún Fonte Nova fọ́fọ́. Ìdíje ọjọ́ náà ló gbé wọn padà sí ìpele kejì. Níbi tí wọ́n ti ń fò fáyọ̀ ni apá kan ìjókòó òkè ti já, èèyàn méje sì kú. Wọ́n wó pápá àtijọ́ náà lọ́dún 2010, wọ́n sì ṣí tuntun ní April 2013.

Ẹgbẹ́ náà mọ irú èèyàn tó ń tì í lẹ́yìn. Ní November 2018, wọ́n kọ orúkọ àwọn akọni aláwọ̀ dúdú, bíi Zumbi, sí jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní October 2019, nígbà tí epo rọ̀bì ba àwọn etíkun agbègbè wọn jẹ́, jẹ́sì tí àbàwọ́n epo wà lára rẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sórí pápá.

Ìjà pẹ̀lú wà nínú ìfẹ́ bọ́ọ̀lù yìí. Ìfagagbága Bahia àti Vitória, ẹgbẹ́ kejì nílùú náà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1899, ti le débi pé àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé kí alátìlẹ́yìn onílé nìkan máa wọ pápá bí àwọn méjèèjì bá pàdé. Ó dunni, torí ẹbí kan náà ló máa ń pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nílé wa níbí, Ìbàdàn náà ní ìtàn bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà tí à ń pè ní 3SC, gba ife kan nílẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, ó tún gba òmíràn lọ́dún 1992. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea tán láìmọ ẹyọ ẹnì kan nínú 3SC. Kò sẹ́ni tó ní ká má wo bọ́ọ̀lù òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí 3SC bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Adamasingba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ọmọ dání, ẹ pe onílù, kí ẹ sì rajà lọ́wọ́ ìyá tó patẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ wa ni, àwa la máa tì í lẹ́yìn.