Àwa Tí À Ń Lọ Sílé fún Ọdún Àjíǹde

Àwa ọmọ Bùnú tí wọ́n bí láyìíká ọdún 1991, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ti mọ ọdún Àjíǹde kí á tó mọ ohun tó dá lé lórí. Aṣọ tuntun la mọ̀ ọ́n sí, àti imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ń na ara wa lẹ́yìn ìsìn títí àgbà ìjọ kan á fi gbà á lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọn kì í jẹ́ ká pariwo nínú agbo ilé. Tó bá di ọjọ́ Ajé, Gálílì yá: ìjọ á kó ìkòkò ìrẹsì, ìlù àti ọmọdé jáde lọ sábẹ́ igi, nítorí pé lẹ́nu ibojì ni wọ́n ti sọ fún àwọn obìnrin pé Jésù ti ṣáájú lọ sí Gálílì. Kò sẹ́ni tó là á yé wa bẹ́ẹ̀. A rò pé ẹ̀yìn ìlú wa ni Gálílì wà, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà la fọ́n ká. Iṣẹ́ gbé àwọn kan lọ sí Abuja, ilé ẹ̀kọ́ gbé àwọn kan lọ sí Ìlọrin àti Lọ́kọ́jà, àwọn mìíràn ti di ará Èkó, àwọn kan ti rékọjá sí ìlú òyìnbó. Síbẹ̀, bí a bá ní a ń lọ sílé, Odo-Ape là ń sọ, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ìlú tó yí i ká ní ìjọba ìbílẹ̀ Kabba-Bunu. Kérésì dára, ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde ló bá ilé wa mu jù. Àkọ́rọ̀ òjò ti dé, ilẹ̀ ti rọ̀, wọ́n ti ń kọ ebè, wọ́n ti ń gbin àgbàdo. Ìgbéyàwó tí wọn ò ṣe nígbà Lẹ́ńtì á wáyé ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún. Ẹbí á jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òkú àgbà tí wọ́n ń dúró de àwọn ọmọ rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ pa ìrìnàjò ọdún náà jẹ. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí, ìjọba àpapọ̀ sì ti ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa láti ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta nítorí àrùn Kòrónà. Orí fóònù la ti wo ìsìn. A sọ fún àwọn òbí wa pé ó di ìgbà mìíràn.

Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn dí ọ̀nà. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba Lọ́kọ́jà àti Ọ̀bájáná lọ sí Kabba á ti pe èèyàn bíi mẹ́ta kó tó wọkọ̀, kó lè mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó ilẹ̀ Okun, tí Bùnú wa wà nínú rẹ̀, di ibùba. Àgbẹ̀ ń pa oko tì. Ẹbí tí wọ́n bá gbé èèyàn wọn á ta ilẹ̀, á ta kaṣú tí kò tíì so, kí wọ́n lè rí owó ìtúsílẹ̀ san. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Erúkù ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ìlú tó múlé ti Ẹ̀gbẹ̀ tiwa nílẹ̀ Okun, àwọn agbébọn já wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú wa báyìí la fi rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wá ibi fara pa mọ́ sí. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó méjìdínlógójì lọ, kó tó di pé a rí wọn gbà padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ṣáájú ìyẹn ni ti Ọ̀wọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́, níbi tí wọ́n ti pa ogójì èèyàn, ó kéré tán.

Bí a bá wá sọ fún àwọn ìyá wa pé à ń bọ̀ wálé ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé: "Ẹ dúró síbẹ̀ jàre. A fẹ́ rí yín, ṣùgbọ́n láàyè la fẹ́ rí yín."

Èyí ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìgboro kéré jù fún wa báyìí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wàásù pé òwò tó kú á jí, pé físà tó kú á jí, pé ògo tó sùn á dìde. A ṣe àmín. Ebi òwò àti ebi físà ń pa wá lóòótọ́, Ọlọ́run sì gbọ́ igbe ẹni tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ìwàásù yẹn lọ bá opó tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ sínú oko iṣu. Kì í ṣe òwò ló kú fún un. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì kò gba kí á sọ Àjíǹde di ọ̀rọ̀ ìlérí orí ọdún: lójú tirẹ̀, bí a kò bá tíì jí Kristi dìde, asán ni ìwàásù, asán ni ìgbàgbọ́, àwọn tó ti kú sì ti ṣègbé. Ara tí wọ́n kàn mọ́gi ló ń sọ, òkú gidi, ibojì gidi. Ibẹ̀ nìkan ni opó náà ti lè bá wa jókòó.

Ẹ tún ìtàn náà kà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba ló pa Jésù, Pílátù tó ní kò jẹ̀bi ló sì fi í lé wọn lọ́wọ́. Nínú ìwé Máàkù, àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn náà sá jáde kúrò ní ibojì, ẹ̀rù sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ Àjíǹde gan-an, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ìbẹ̀rù. A ti máa ń gbójú fo ibẹ̀ yẹn nítorí ìlù ti sọ, ijó ti gbóná. Ìran tiwa kò lè gbójú fò ó mọ́. Inú ilé tí wọ́n tì pa yẹn ni Jésù ti lọ bá wọn. Kò dúró di ìgbà tí àyà wọn bá le. Ojú egbò ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì nà án sí wọn kí wọ́n wò ó. Àjíǹde kò pa ohun tí wọ́n ṣe sí i rẹ́. Nítorí náà, ìjọ tó bá ń sọ fún àwọn tó ti ìgbèkùn dé pé kí wọ́n gbàgbé, kí wọ́n kàn máa dúpẹ́, ń béèrè ohun tí Olúwa kò béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìgbèkùn kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, àwọn tó kù sì gun orí òkè lọ, títí Ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi ṣẹ́gun Bida, olú ìlú Nupe, ní 1897. Ẹni tó sì gbé ìròyìn Àjíǹde dé Lọ́kọ́jà ní ìgbà ogun náà, Àjàyí Crowther ni, ọmọkùnrin tí wọ́n jí gbé ní Òṣóogùn ní 1821, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó tó di pé wọ́n gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa: ẹni tí wọ́n ti tà rí ló fi èdè wa sọ fún wa pé ibojì ṣófo. Àwọn baba wa tó gbọ́ ọ mọ ohun tí ìdè jẹ́.

Ohun mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sọnù. Àwọn ìyá ńlá wa ní Bùnú ń hun aṣọ lórí òfì òòró. Èyí tó lókìkí jù ni ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń ta sí iwájú ilé bí ẹni ńlá bá kú, tí egúngún náà sì ń wọ̀. Elisha Renne, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé láàárín wọn, kọ ìwé kan nípa aṣọ Bùnú ní 1995, ó sì pè é ní aṣọ tí kì í kú. A lóye ohun tí wọ́n ń wá: kí nǹkan kan ṣẹ́ kù lára ẹni tó lọ, kí ikú má kó gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé Jòhánù, aṣọ ni Pétérù bá nínú ibojì, aṣọ ọ̀gbọ̀ tó wà nílẹ̀, àti gèlè orí tí wọ́n ká sọ́tọ̀. Aṣọ ṣẹ́ kù, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti jáde. Àwọn ìyá wa tó mọ aṣọ òkú tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ká ní a bi wọ́n léèrè. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà láyé. Kí ẹni tó bá débẹ̀ jókòó tì wọ́n, kó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀.

Ní tiwa, a ti mọ ohun tí a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ àwọn ìjọ wa nílé. Lálẹ́ Sátidé Mímọ́, kí wọ́n tó tan àbẹ́là Àjíǹde, kí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n pa ní oko àti lójú ọ̀nà lọ́dún yẹn, àti ti àwọn tó ṣì wà nínú igbó. Kí ọrẹ ọjọ́ Àjíǹde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ta ilẹ̀ wọn san owó ìtúsílẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ la ti ń béèrè ẹ̀ṣọ́ sí àwọn ọ̀nà Bùnú lójoojúmọ́ ọdún, a kò sì ní dákẹ́. Ẹni tó bá rí ọ̀nà lọ nínú wa á lọ, kó bá àwọn tí kò rí ibi sá sí ṣe ìsìn. Ẹni tí kò bá lè lọ, kó pe ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, kó kí wọn pé Jésù ti jíǹde, kó sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ.