Ẹ Má Fi Pẹtiróò Fọ Ẹ́ńjìnì Mọ́

Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàndo mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku ni. Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ ni. Ìta ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń fọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ná: ọ́ìlì tí ó ń jò ti pò mọ́ eruku, ó ti le bí èèpá ìdí ìkòkò. Ìdọ̀tí yìí ń jẹ rọ́bà, ó sì ń bo ojú ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Bí ọ́ìlì náà bá kán sára irin tí èéfín ń gbà jáde, iná lè sọ.

Ohun tí ó mú mi mú kálámù ni pẹtiróò tí àwọn ènìyàn fi ń fọ̀ ọ́. Ní oṣù tí ó kọjá, bàbá kan ní àdúgbò wa ń da pẹtiróò sórí ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà dé. Ìyá alákàrà kò jìnnà sí wọn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, epo ń hó lórí iná. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná.” Wọ́n ní, “Tíṣà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mẹkáníìkì mi ti ń ṣe é báyìí.” Ọmọdé kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà; mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí wọ́n tó gbé agolo náà sílẹ̀.

Oru pẹtiróò ni ó ń gbiná. Ojú kì í rí i, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rá gbà lọ títí yóò fi kan iná. Kódà nínú òtútù tí omi fi ń di yìnyín, ó ń tú oru yìí jáde. Epo òyìnbó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná tó nǹkan bí 38°C, òun náà lè gbiná, ẹ́ńjìnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwa ará ìhà yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé December 26, 2006, ní Abúlé Ẹ̀gbá, nígbà tí páìpù epo gbiná níbi tí wọ́n ti ń bu pẹtiróò. Ó lé ní igba ènìyàn tí ó kú.

Bí mo ti ń ṣe tèmi nìyí. N óò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè gbé ọwọ́ lé e. N óò fi sípánà mẹ́wàá tú orí bátìrì tí ó jẹ́ dúdú. N óò fi ọ̀rá wé alternator, àpótí fúúsì, orí àwọn wáyà àti ibi tí ẹ́ńjìnì ń gbà mí. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó fọ̀ ọ́. (Ìyàwó mi ti ń fi tirẹ̀ pamọ́.) Àkísà tútù ni mo fi ń nù ún, kì í ṣe omi alágbára ti àwọn afọkọ̀, bí omi bá wọ àpótí fúúsì, owó rẹ́wáyà dé nìyẹn. N óò jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, orí dúdú náà ni n óò sì dá padà gbẹ̀yìn.

Omi ìdọ̀tí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Kànga kan ni gbogbo ilé wa ń pọn. Ní Bàrúwà, Ìpájà, àwọn ènìyàn fa omi tí ó ń rùn pẹtiróò láti inú kànga wọn fún ọdún pípẹ́, nítorí epo tí ó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà mo máa ń tẹ́ páálí àti àkísà sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n fa omi náà mu. N óò dì wọ́n sínú ọ̀rá fún àwọn akólẹ̀. N kì í sun wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo fọ̀ ọ́ kẹ́yìn, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí ọ́ìlì tuntun tí ń dán létí ìdérí ẹ́ńjìnì lókè. Gáskẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe ríìngì tí mẹkáníìkì ti ń díye lé láti ọjọ́ yìí.