Ẹsẹ̀ Tí Ilé Fi Ń Rìn

Ní àdúgbò Dar es Salam, ní ìlú Niamey, bàbá kan wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí ó sì jẹ́ pé láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti mú un gba Parakou àti Malanville sọdá Odò Ọya wá, ìrìn rẹ̀ kò tíì kọjá Dosso. Ọmọ àbúrò baba rẹ̀ kan, tí ó ti pẹ́ ní Berlin, wá kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Èyí ni ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

ÀTÀJÒBỌ̀: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìkàlẹ̀.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Káàbọ̀, Àkànmú, ọmọ Àjílété. Aya ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n sọ fún mi pé o fẹ́ ra ilé, mo bi wọ́n pé ṣé ní Berlin ni tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ilé náà kì í dúró sójú kan.

ÀTÀJÒBỌ̀: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ agbélékiri ni. Ibùsùn ń bẹ nínú rẹ̀, ààrò ń bẹ, fíríìjì ń bẹ, ibi ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń bẹ, àwo tí ń gba iná lára oòrùn sì wà lórí òrùlé rẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ìyàwó mi yóò máa fi rìn káàkiri Yúróòpù. Bí ọ̀nà aṣálẹ̀ bá sì rọ̀ lọ́jọ́ kan, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, a ó gbé e gba Tamanrasset, a ó wọ Assamakka, a ó gba Arlit àti Agadez títí yóò fi dúró sí ẹnu ọ̀nà yín níhìn-ín.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Àmín. Ṣùgbọ́n o ka ààrò, o ka ibùsùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá o kò fò ó, síbẹ̀ o kò tíì dárúkọ ohun tí yóò gbé gbogbo rẹ̀. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀lé e; n kò tíì rí ibi tí ìkarahun gbé fa ìgbín. Ẹ́ńjìnnì ta ni? Ṣásì ta ni?

ÀTÀJÒBỌ̀: Iléeṣẹ́ tí ó kọ́ ọ, àgbà iléeṣẹ́ ni ní Jámánì.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Káfíńtà kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o rántí bọ́ọ̀lẹ̀kájà? Ilé wa ni wọ́n ti ń kan pákó rẹ̀, tí wọ́n ń kun ún, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí i níwájú, ṣùgbọ́n Bedford àti Austin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, Ìlú Ọba ni ó ti wá. Mọ́lúè tí ó gba ipò rẹ̀ ní Èkó, irin ni wọ́n fi ṣe ara tirẹ̀, Mercedes 911 ni ó sì pọ̀n ọ́n. Bí pákó bá yẹ̀, ìṣó a máa tún un ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbogbo èrò ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ọkọ̀ tìrẹ yẹn, orúkọ ẹni tí ó kan pákó ni.

ÀTÀJÒBỌ̀: Ó yé mi báyìí. Fiat Ducato ni. Ọdún 1981 ni ó kọ́kọ́ jáde, Atessa ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é, Peugeot Boxer àti Citroën Jumper sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ agbélékiri Yúróòpù sí, kì í sì í ṣe lásán: táyà iwájú ni ó ń fa ọkọ̀, kò sí ọ̀pá irin tí ń yí lọ sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọ́n lè fi ilẹ̀ yàrá sísàlẹ̀, kí ẹni gíga bí èmi dúró nínú rẹ̀ láìtẹ orí ba. Ford Transit wà, tí ó ti ń rìn láti 1965. Mercedes Sprinter wà láti 1995. Ṣùgbọ́n láti Lisbon dé Warsaw, kò sí ibi tí n kò ti ní rí mẹkáníìkì tí ó mọ Ducato.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Ìwọ ni o mọ Lisbon. Èmi kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà ni ó ń wá bá mi, nítorí ohun tí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni awakọ̀ ń gbé lọ́wọ́ wá sí ìsọ̀ mi, wọn kì í gbé èyí tí ó ṣì dára wá fi yangàn. Bí o bá ní kí n fún ọ ní bẹ́árì Hilux tàbí ti Hiace, n kò ní dìde lórí ìjókòó kí ọwọ́ mi tó bà á. Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ọmọdé tí ń kọ́ṣẹ́ lè tú u palẹ̀ kí ó sì tún un tò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni mo ń tà, Àkànmú! Ọkọ̀ tí ó bá ti kú púpọ̀ ní ìlú kan ni ó lè pẹ́ láyé níbẹ̀. Ducato rẹ, ọkọ̀ rere ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá jó ní Arlit, àfi kí òmíràn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Níbo sì ni ẹ ń kó ẹrù sí nínú rẹ̀?

ÀTÀJÒBỌ̀: Ẹ̀yìn ni, lábẹ́ ibùsùn.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Iwájú ni ó sì ti ń fà.

ÀTÀJÒBỌ̀: Mo rí ibi tí ẹ ń lọ. N kò ní purọ́, lórí koríko tútù lásán ní Jámánì, táyà iwájú a máa yí lójú kan, kí àgbẹ̀ tó fi katakata rẹ̀ wá fà wá jáde.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Iyanrìn aṣálẹ̀ kò ní àgbẹ̀. Èló ni ó gbọdọ̀ wọ̀n?

ÀTÀJÒBỌ̀: Kílò 3,500, ẹrù àti ènìyàn pọ̀, ìwé awakọ̀ tí wọ́n ń fún ènìyàn nísinsìnyí kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń tan ènìyàn jẹ, nítorí káfíńtà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń pè é, ti lo èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kí onílé tó wọlé. Omi lítà 100, kílò 100 ni. Tọkọtaya wọlé, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ méjì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n kó ìkòkò, ọkọ̀ ti jẹ gbèsè. Ọ̀pọ̀ bíréèkì àti sípíríìnì tí wọ́n ń bú, ẹrù ni ó pa wọ́n.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí o wá Mercedes àtijọ́ rà, 207 tàbí 508, irú èyí tí ń kó èrò láti Accra dé Cotonou. Ẹ̀yìn ni ó ti ń tì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì mọ kọ̀ǹpútà.

ÀTÀJÒBỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí èmi náà kọ́ yín ní ìwọ̀nba. Láti 2008 ni Berlin ti pa ààlà yí àárín ìlú ká. Ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, London náà sì ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ irú wọn. Ti ìsinsìnyí, asẹ́ wà nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀ tí ń dá èéfín dúdú dúró, wọ́n tún ń bu omi yúríà kan tí à ń pè ní AdBlue sí i.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Bí omi yẹn bá tán ńkọ́?

ÀTÀJÒBỌ̀: Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, kò ní jí mọ́.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Yéè! Tí epo kún inú táńkì?

ÀTÀJÒBỌ̀: Tí epo kún inú táńkì. Epo náà sì tún ní ẹjọ́ tirẹ̀: imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù, orí ìyẹn ni wọ́n sì gbé asẹ́ yẹn kà. Àwọn mínísítà ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé kí tiwa má ju 50 lọ.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Bí ẹnu ti kò, ìgò ẹ̀bá títì ní Gaya kò gbọ́. Ẹni tí ń ta epo nínú ìgò kò mọ 10, kò mọ 50. Wàyí o, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọkọ̀ yìí yóò sọdá aṣálẹ̀?

ÀTÀJÒBỌ̀: Bóyá ẹ̀ẹ̀kan. Bóyá kí ó má tilẹ̀ sọdá rárá.

AJÓKÒÓSÍLÉ: O ti dá ara rẹ lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé àárín Lisbon àti Warsaw ni ẹ ó ti lo ọjọ́ ogbó yín, ra èyí tí àkísà rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kí o sì wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí mi. Mo kàn fẹ́ kí o ṣọ́ra, torí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, gbé ọwọ́ lé bọ́néẹ̀tì kí o tó kí i tán: bí ó bá gbóná, ó ti jí i sílẹ̀ dè ọ́, ó sì ní ìdí. Ní kí ó jẹ́ kí ó tutù. Nígbà tí ó bá tún jí, dúró sí ẹ̀yìn kí o wo èéfín. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí o fi ìka nu abẹ́ rẹ̀. Bí ohun funfun tí ó ki bá bá ìka rẹ jáde, omi ti bá ọ́ìlì pàdé, máa bá tìrẹ lọ.

ÀTÀJÒBỌ̀: Wọ́n tún ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù lọ́dọ̀ wa.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Nígbà náà mú ìṣó ńlá kan lọ, kí o wọ abẹ́ rẹ̀. Má wo ọ̀dà dúdú tí wọ́n kùn ún. Gún ṣásì níbi tí sípíríìnì ti so mọ́ ọn. Irin tí ó bá yè, ìṣó yóò ta padà. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ tán yóò rì.

ÀTÀJÒBỌ̀: Èyí tí mo rí yìí kò rìn púpọ̀ ṣá, kìlómítà rẹ̀ kéré.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Ìyẹn gan-an ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lára táyà: bí wọ́n bá kọ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Eyín táyà lè kún kí ara rẹ̀ ti sán. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì náà ń gbó lórí ìdúró. Bèèrè ìwé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá sí ìwé, ka owó rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀.

ÀTÀJÒBỌ̀: Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 207 yín kò kúrò lọ́kàn mi o. Òfin kan wà ní Jámánì: ọkọ̀ tí ó bá ti lé ní ọdún 30, tí a tọ́jú rẹ̀ bí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fún un ní lẹ́tà H lára nọ́ńbà rẹ̀, ó sì lè wọ àárín Berlin pẹ̀lú èéfín rẹ̀.

AJÓKÒÓSÍLÉ: Họ́wù! Wọ́n lé èwe síta, wọ́n ní kí àgbà wọlé. Èéṣe tí o kò tètè sọ? Wá èyí tí ìpẹtà kò jẹ rí, kí o fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó, kí n lè máa fi bẹ́árì rẹ̀ pa mọ́ láti òní lọ.