Ẹni Bá Dákẹ́

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo jẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé The Scarlet Pimpernel, ọgbọ́n ìparadà inú rẹ̀ ni ó sì wú mi lórí. Baroness Orczy, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì tí ó tẹ̀dó sí London, ni ó kọ ọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, Montague Barstow, ni wọ́n jọ kọ ìtàn náà ní eré orí ìtàgé ní 1903, kí ó tó jáde ní ìwé ní 1905. Ọdún 1792 ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Faransé ti dìde sí àwọn ọ̀tọ̀kùlú wọn, tí wọ́n sì ń bẹ́ wọn lórí ní Paris. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ń jí àwọn ẹni ikú wọ̀nyí gbé sá lọ. Àwòrán òdòdó pupa kékeré ni ó fi ń ṣe àmì. Sir Percy Blakeney ni, ọlọ́rọ̀ tí gbogbo London kà sí òmùgọ̀. Ó di ìyá arúgbó tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ní ìgbóná ń bá ọmọ-ọmọ òun jà, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè sì fi ìbẹ̀rù yà fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó tún un kà, nínú ilé ìkàwé ìjọba kan. Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì sọ fún ìyàwó mi. Láràárọ̀ ni mo ń wọ aṣọ iṣẹ́, tí mo ń gbé báàgì, tí mo sì ń dágbére. Ilé ìkàwé ni mo ń lọ jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò rẹ́rìn-ín. Marguerite, ìyàwó Percy, ni mo ń wò. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu rẹ̀ bọ́ ní Paris ni ó kó Marquis de St. Cyr àti ìdílé rẹ̀ sí ọwọ́ ikú. Ó jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí ó ṣàlàyé bí ó ti ṣẹlẹ̀; ìgbéraga kan náà ni kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dárí jì í. Percy wá gbé ìwà òmùgọ̀ wọ̀ fún aya bí ó ti ń gbé e wọ̀ fún ọ̀tá. Nígbà tí Chauvelin, amí Faransé, fi ikú Armand, arákùnrin Marguerite, dẹ́rù bà á, obìnrin náà tú àṣírí Òdòdó Pupa fún un, láìmọ̀ pé ọkọ òun ni òun ń tà. Ìparadà tí ó tan ẹ̀ṣọ́ gba ẹ̀mí là. Èyí tí ó tan ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ẹni tí ó gbé e wọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti ìyàwó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo.

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ń dúró kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi ni.”

Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ń paradà nínú ilé wa! Ìgbà náà ni mo tó rántí owó oúnjẹ tí kò béèrè mọ́, àti ẹran tí kì í sí nínú ọbẹ̀ tirẹ̀, tí kò sì wọ́n nínú tèmi rí.