Kọ̀ǹpútà mi ń kú lọ, ni mo bá gba Dùgbẹ̀ lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ èèyàn, ó ti di bàbá arúgbó nìyẹn. Tèmi yìí, bí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè wẹ̀, kí n jẹ àkàrà, kí n mu ẹ̀kọ tán, kó tóo lajú. Bátìrì ẹ̀ ti kú fin-ín fin-ín, bí NEPA bá ti mú iná lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún ni mo ń jẹ o. Agbowó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bá tẹ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jáde. Lọ́jọ́ kan, ó ku ojú ìwé mẹ́fà kí n parí iṣẹ́ ọmọbìnrin kan, ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn. Ọmọ yẹn bú sẹ́kún níwájú mi. Ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi ni mo ti tẹ èyí tó kù mọ́jú.

Owó àjọ tí mo kó jẹ́ 180,000 náírà. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà nínú ẹ̀ o. Ẹ má ná ju 120,000 lọ. Bí ẹ bá ná jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀."

Mo wọ Máíkírà, a gba Sángo, a gun afárá Mọ́kọ́lá, Ilé Kòkó sì yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó mọ Dùgbẹ̀ tipẹ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Àwọn aláṣọ Gbági ti kó lọ sí Gbági Tuntun. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, Dùgbẹ̀ níbí ni ibùdó ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, Mọ́níyà ló ń dúró sí. Ariwo nìkan ni kò kó lọ.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ fà mí lọ́wọ́. "Dádì, ẹ wọlé, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní wà." Èyí tó gbé síwájú mi, 285,000 ló pè é. Mi ò bá a jà, torí kí ìjọba tóo fi náírà sílẹ̀ fún ọjà lóṣù June 2023, dọ́là kan ò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti ré kọjá 1,500. Òkèèrè sì ni kọ̀ǹpútà ti ń wá.

Mo ní kó mú èyí tó wọ́n mọ níwọ̀n wá. Ó gbé ọ̀kan tó ń dán gbinrin, 115,000. Ọkàn mi fà sí i! Ṣùgbọ́n mo wò ó dáadáa, Intel ìran kẹfà ni. Microsoft sì ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10 lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, bẹ́ẹ̀ Windows 11 tí wọ́n ní ká bọ́ sí, láti Intel ìran kẹjọ ló ti ń gbà. Ìyẹn ni pé arúgbó ni màá fi pààrọ̀ arúgbó. Mo ní kó tẹ powercfg /batteryreport fún mi, èsì tó jáde ni pé bátìrì ọ̀hún kò lè gba ìdajì iná tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn ká lè wo inú BIOS, ó ní ká tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í. Ọmọ náà ní òun máa bá mi ṣí i tó bá dọ̀la. Mo ní rárá o, ọmọ mi, ẹ ṣeun.

Mo lọ jẹ àmàlà. Ibi tí mo jókòó sí, Ilé Kòkó ni mò ń wò, àjà 26, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 1965. Iná jó o lóṣù January 1985. Wọn ò wó o dànù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà lọ́dún 1992.

Ni mo bá gbé tèmi lọ bá bàbá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò pariwo rárá. Ó tú u, eruku inú ẹ̀ tó gbẹ́bẹ̀. Ó fi dísìkì tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù hàn mí, ó ní ìyẹn ló ń fà bí ìgbín, pé SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Okùn ojú ẹ̀rọ tó ń ṣókùnkùn, ó ní ó kàn tú ni, ó tì í padà. SSD 38,000, mẹ́mórì 18,000, bátìrì 22,000, owó iṣẹ́ 7,000.

Mo ní, "Alàgbà, Windows ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ò gba 11, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Linux wà, ọ̀fẹ́ ni." Mo rò ó wò. Word ni àwọn ọmọ máa ń gbé wá, tí mo bá ṣí i síbòmíràn, tábìlì inú ẹ̀ lè dà rú, èmi ni wọ́n sì máa bínú sí. Mo ní kó fi 10 sílẹ̀. Bàbá ní kí n má fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kí n má fi ṣe ti báńkì láéláé, kí n sì máa yẹ fláàṣì gbogbo oníbàárà wò kí n tóo ṣí i. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa nira, torí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí fláàṣì ẹ̀ mọ́ ní Agbowó. Ọdún kan, bóyá méjì, ni mo fi èyí rà. Lẹ́yìn náà, ìran kẹjọ ni màá dá àjọ fún.

Ó da gbogbo iṣẹ́ mi sínú SSD, ó tàn án. Mi ò tíì yọ jígí mi nínú àpò tó fi lajú.

Nígbà tí mo délé, mo ka 95,000 lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ owó ilé-ìwé sọ́tọ̀, ó wá bi mí pé owó ta ni mo fi jẹ àmàlà.